Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Fóònù Ṣe Fíìmù Kúkurú Nípa Míṣọ́nnárì Àtijọ́

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kubwa, l'Ábújá, ló gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́: fíìmù oníṣẹ́jú mẹ́wàá nípa Walter Miller, dókítà tó kúrò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá tẹ̀dó sí Zaria. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta ti tó. Oṣù mẹ́ta ló gbà.

Ẹ kọ́kọ́ mú ibì kan ṣoṣo nínú ìgbésí ayé ẹni náà. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ sọ ọ́ láti ọjọ́ ìbí dé ọjọ́ ikú, ọjọ́ àti oṣù lásán lẹ óò máa kà fún èèyàn. Ní 1900, Miller àti àwọn tí Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell kó wá dé Kano, Ẹ́míà ò gbà wọ́n. Ní 1905 ó wọ Zaria. Ní 1929 iṣẹ́ ìyìn rere náà kó jáde kúrò nínú odi ìlú lọ sí Wusasa. Ní 1932 odindi Bíbélì lédè Haúsá jáde. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn tó fíìmù kan. Èmi mú kíkó jáde yẹn, torí mo fẹ́ mọ bó ṣe ń rí lára ẹni tó ti lo ohun tó ju ogún ọdún lọ láàárín ìlú onílùú, kó tún wá di ẹrù.

Kí ẹ tó gbé kámẹ́rà, ẹ ka ìwé. Ilé ìkówèépamọ́ ìjọba wà ní Kàdúná, Arewa House, ibi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ìtàn ilẹ̀ Àríwá, náà wà níbẹ̀. Ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society), ẹgbẹ́ tó rán Miller wá, wà ní Yunifásítì Birmingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sì lè kọ lẹ́tà sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ gba àṣẹ. Ẹ kí pásítọ̀, ẹ kí mai unguwa, ìyẹn olórí àdúgbò, kí ẹ sọ ohun tí ẹ wá ṣe kí fóònù tó jáde lápò. Ẹ fi dúróònù sílẹ̀ nílé. Ìwé àṣẹ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn aláàbò ìjọba kì í ṣe ohun tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ń rí gbà láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ibi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni iṣẹ́ wà. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo bá sọ̀rọ̀, wákàtí kan gbáko, ariwo fáànù òrùlé ló kún inú rẹ̀. Mo padà lọ bẹ baba náà. Látìgbà yẹn, mo máa ń pa fáànù, mo máa ń so máíìkì kékeré mọ́ agbádá, mo sì máa ń gbọ́ ohùn náà láti inú fóònù kejì kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe bi èèyàn pé, "Ṣé wọ́n ṣe dáadáa sí yín?" Bẹ́ẹ̀ ni nìkan ni yóò fi dá yín lóhùn. Mo bi baba kan nípa ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ Wusasa. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó rọra fi pá a láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń rẹ́ ilé. Àwòrán ọwọ́ yẹn ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ lọ.

Nígbà tí ìpè àdúrà ta láti mọ́ṣáláṣí, mo fẹ́ gé e kúrò. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó: Zaria tí Miller gbé nìyẹn. Mo fi sílẹ̀.

Ìyókù kò le. Ẹ ya àyíká fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láì mì. Lásìkò ọyẹ́, ẹ máa nu ojú kámẹ́rà lóòrèkóòrè. Alẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá yà á ni kí ẹ ti dà á sí ibi méjì. Ẹ gé àwòrán tán kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ óò kà sí i, kí ọ̀rọ̀ má baà pọ̀ ju àwòrán lọ.

Kí ṣọ́ọ̀ṣì tó wò ó, ẹ fi han ọmọ Zaria kan. Tèmi wò ó tán, ó ní orúkọ àdúgbò kan tí mo pè kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó pè é fún mi lẹ́ẹ̀mẹta. Mo tún ohùn náà gbà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, torí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò.