Òrùlé Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nídìí Gbígbé Sólà Sórí Ilé

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ń gbé sólà sórí ilé a máa fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan dúnàá-dúrà lórí bátìrì, ṣùgbọ́n wọn kì í gun àkàbà lọ wo òrùlé tí yóò gbé ẹrù náà. Páànẹ́lì kan tí ó lé ní 400 wáàtì a máa wúwo tó 20 kìlógírámù, nítorí náà mẹ́wàá wọn kò dín ní 200, láìtíì ka irin tí a ó fi dè wọ́n, ẹrù tí igi àjà tí ikán ti jẹ kò lè gbé. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà fi òòlù kan igi náà wò: èyí tí ó bá dún bí igbá òfìfo, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ojú ihò skúrù ni wàhálà pọ̀ sí jù. Àwọn kan a máa lu páànù ní kòtò rẹ̀, níbi tí omi òjò ń gbà ṣàn, láìfi rọ́bà sábẹ́ orí skúrù, nígbà tí ó yẹ kí ó jẹ́ gongo páànù, kí ó sì wọ igi lábẹ́. Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ rí ni àbàwọ́n kékeré aláwọ̀ tíì lára àjà, tí yóò máa fẹ̀ bí òjò ti ń rọ̀.

Ẹ má ṣe tẹ́ páànẹ́lì mọ́ páànù pẹ́kípẹ́kí. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ni sólà ń lò, kì í ṣe ooru rẹ̀. Ìwọ̀n ooru 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n fi ṣírò wáàtì tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Bí ó bá gbóná dé 60 lọ́sàn-án gangan, nǹkan bí 10 sí 14 nínú 100 agbára náà ti lọ. Àlàfo tí ọwọ́ lè wọ̀ dáadáa yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá, yàrá tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ pàápàá yóò sì tutù díẹ̀.

Ní ti ibi tí òrùlé kọjú sí, wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ pé gúúsù nìkan ni páànẹ́lì gbọ́dọ̀ kọjú sí dẹ́rù ba àwọn onílé jù. Ìbàdàn kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, òrùlé tí kò dagun púpọ̀ kò sì pàdánù ohun ńlá bí ó bá kọjú sí ìlà-oòrùn. Òjìji ni kí ẹ sá fún: bí òjìji táǹkì omi bá bo páànẹ́lì kan ṣoṣo ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó lè fa agbára gbogbo àwọn tí a so pọ̀ mọ́ ọn sẹ́yìn.

Eruku ọyẹ́ náà ń fẹ́ fífọ̀, àmọ́ kí ó jẹ́ ní òwúrọ̀ kùtù, nítorí omi tútù lórí gíláàsì gbígbóná lè sán an. Kí ẹni tí ń fọ̀ ọ́ má sì tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀.