Owó Ilé Kì Í Jò Níbi Tí À Ń Wò

Ọdún tí èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ilé jọ, bọ̀ọ̀lì ni mo kọ́kọ́ bá ṣọ̀tá. Bí mo bá ti iléèwé dé, tí mo ń kọjá lára ìyá tó ń sun ún ní Sábó, mo á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ohun tí n kò rà sí: bọ̀ọ̀lì, ẹ̀pà, kẹ̀kẹ́ márúwá tí mo fẹsẹ̀ rìn dípò rẹ̀. Nígbà tí ọdún parí, mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò tó ìdajì ohun tí sìmẹ́ǹtì tó dì mọ́ wa lọ́wọ́ gbé lọ. Màá sọ ti sìmẹ́ǹtì náà tó bá yá.

Àwa tí à ń wá ilé àkọ́kọ́ ní Ìkòròdú, a mọ bí a ṣe ń ṣahun owó kéékèèké. Ibi owó ńlá ni a ti ń ṣìnà: ibi tí a kó o sí, ohun tí a sáré fi rà, àti iye tí a rò pé yóò tó.

Ẹ má dúró de èyí tó bá ṣẹ́kù

Bí ẹ bá ní kí owó oṣù kọ́kọ́ jẹun, kó san owó iná, kó ra dátà, kí ẹ tó wá fi ìyókù pamọ́, kò ní sí ìyókù. Owó kì í ṣẹ́kù ní Èkó. Ọjọ́ tí alẹ́ẹ̀tì bá wọlé ni kí owó ilé jáde, kó lọ sí àkáǹtì tí kò ní káàdì rárá. Mo tẹnu mọ́ ti káàdì nítorí pé oní-POS wà ní gbogbo ìkóríta láti Agric dé Ìgbógbó, ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sán sì burú fún ẹni tó rẹ̀.

Ti aṣọ ẹbí ńkọ́? N kò ní kí ẹ má bá ẹbí ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ fi owó sínú àpòòwé, ẹ wé gèlè tí ẹ ti ní, ẹ lọ jẹ ìrẹsì yín. Ẹni tó bá tìtorí aṣọ kọ̀ láti kí yín, kò ní bá yín gbé búlọ́ọ̀kù.

Àjọ ojoojúmọ́ kì í ṣe ibi ìpamọ́

N kò bá alájọ jà o. Àjọ ló kọ́ mi láti fowó pamọ́. Bí ẹ bá ń dá 1,000 náírà lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, 29,000 lẹ máa gbà; owó ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Lọ́dún, ìyẹn jẹ́ 12,000 náírà. Lójú tèmi, kò pọ̀ jù fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn wá bá yín nínú òjò, tó sì ń fàmì sí káàdì yín kó tó jókòó.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé bí oṣù bá parí, a ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wà lọ́wọ́ yín, mà." Oṣù kan á di mẹ́ta, mẹ́ta á di mẹ́jọ. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ́ni ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án, a jọ lọ sílé alájọ náà. Àgádágodo tuntun la bá lẹ́nu ọ̀nà, onílé fúnra rẹ̀ sì wà níta tó ń béèrè lọ́wọ́ wa bóyá a mọ ibi tó kó lọ.

Àjọ wà fún kíkó owó jọ. Tí oṣù bá ti pé, ẹ gbà á, ẹ gbé e lọ síbi tó ní onígbọ̀wọ́. Ní ọdún 2024, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó àwọn oníbàárà báǹkì, sọ iye tí wọ́n máa san fún oníbàárà kan bí báǹkì bá wó di mílíọ̀nù 5 náírà, láti 500,000 tó wà tẹ́lẹ̀. Ti báǹkì kékeré tí à ń pè ní microfinance di mílíọ̀nù 2. Kò kan alájọ, kò sì kan ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Ẹgbẹ́ dára, torí pé ọ̀pọ̀ wọn máa ń yá ọmọ ẹgbẹ́ ní ìlọ́po méjì ohun tó ti dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ àwọn tó ń dì í mú, kí ẹ sì máa lọ sí ìpàdé tí wọ́n ti ń ka ìṣirò.

Ti àwọn tó ń ṣèlérí èrè ńlá láàárín oṣù kan, kò gùn. MMM ti owó àwọn èèyàn mọ́lé ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, CBEX náà ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì mọ ẹni tí méjèèjì mú.

Sìmẹ́ǹtì tí kò ní ilẹ̀

Òótọ́ ni pé owó tó jókòó ń dínkù. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọ̀wọ́n gógó ọjà ní Nàìjíríà ju ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ká ní bẹ́ẹ̀ náà ni sìmẹ́ǹtì ṣe gbówó lórí, ẹni tó ní owó 100 àpò níbẹ̀rẹ̀ ọdún yóò rí bí 74 rà níparí rẹ̀. Ẹ̀rù irú èyí ló bà wá nígbà tí sìmẹ́ǹtì fò sókè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn. Bàbá àwọn ọmọ ní ká tètè rà á kó tó tún lé sí i. A ra 40 àpò. A kò tíì ní ilẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìgbógbó la kó o sí, lórí sìmẹ́ǹtì ilẹ̀ lásán, a fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Òjò dé. Ní oṣù Kẹjọ, mo lọ wò ó, mo fẹsẹ̀ ti àpò kan nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ ló dùn mí. Bíríkìlà tí mo pè fi òòlù gbá méjì, ó wò mí, ó ní, "Mummy, òkúta lẹ rà." Nínú ogójì, mọ́kàndínlógún ló ṣì rọ̀, àwọn tó wà lókè. Ìyókù la fi dí kòtò tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé àga sórí rẹ̀ fún oníbàárà.

Sìmẹ́ǹtì kì í ṣe ohun àtọ́jú. Irin náà ń dípẹtà, wọ́n sì ń jí i. Òkúta wẹ́wẹ́ nìkan ni n kò tíì rí kó bàjẹ́, òun náà sì ń fẹ́ ilẹ̀ tí a máa dà á sí. Bí ilẹ̀ kò bá tíì sí, ìjọba àpapọ̀ ń ta bọ́ǹdì aráàlú tí wọ́n ń pè ní FGN Savings Bond, ti ọdún méjì tàbí mẹ́ta. 5,000 náírà lẹ lè fi bẹ̀rẹ̀, èlé rẹ̀ sì ń wọlé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Kò lè sáré bí ọjà ṣe ń sáré nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n kò ní di òkúta.

Owó yín tí ẹ kò béèrè

Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ oṣù, ẹ wo ìwé owó oṣù yín dáadáa. Láti ọdún 1992 ni òfin owó ilé, NHF, ti wà, ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ. Ẹni tó ń dá a lè béèrè ẹ̀yáwó ilé nípasẹ̀ Federal Mortgage Bank. Oníṣòwò náà lè forúkọ sílẹ̀. Láti ọdún 2022 sì ni PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ti gbà kí òṣìṣẹ́ tó kúnjú ìwọ̀n yọ tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, láti fi ṣe owó tí ayáwó fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú wá kó tó gba ẹ̀yáwó ilé. Ọkọ mi ti ń san NHF fún ọdún mọ́kànlá kó tó mọ̀ pé òun ń san án.

Ẹ má ka iye ilẹ̀ nìkan

Ajẹ́ǹtì á ní pulọ́ọ̀tì kan ní ìhà Ìmọ̀ta jẹ́ iye báyìí. A ó máa lé iye yẹn, ọjọ́ tí a bá sì bá a, a ó rò pé a ti dé. Owó lọ́yà ń bẹ níwájú, owó awọnlẹ̀, owó ìwọlé ẹbí onílẹ̀, owó ajẹ́ǹtì fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ onílẹ̀ á wá fún ti ìpìlẹ̀, wọ́n á tún wá nígbà òrùlé. Òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2016 ka dídí ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ láti gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, bó tilẹ̀ fàyè gba owó ìwọlé fún ẹbí tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ mọ òfin náà, ṣùgbọ́n ẹ béèrè gbogbo owó yìí kí ẹ tó san kọ́bọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Bí ilẹ̀ ẹbí bá ni, ìwé tí olórí ẹbí kò fọwọ́ sí kò jẹ́ nǹkan kan lójú òfin. Èyí tí olórí ẹbí nìkan fọwọ́ sí láìsí àwọn àgbà ìdílé yòókù, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e bí wọ́n bá pẹjọ́. Kí awọnlẹ̀ yín sì gbé ìwọ̀n ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa, kí ẹ mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀. Owó díẹ̀ ni, lára owó ilé ló wà, kì í ṣe àfikún.

Ẹ má sì lọ wo ilẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Oṣù Kejì ni ajẹ́ǹtì wa kọ́kọ́ mú wa lọ wo tiwa, ilẹ̀ gbẹ kuku, koríko pàápàá ti pọ́n. A ní a ó padà wá ní oṣù Keje, inú rẹ̀ kò dùn. Nígbà tí a dé, ó dúró sójú títì, ó ní bàtà òun tuntun ni. Ìyá kan ń din àkàrà ní ilé kejì sí ibẹ̀. Mo kí i, mo béèrè ibi tí omi ń dé lọ́dọọdún. Kò sọ̀rọ̀. Ó fi ṣíbí ìdinkàrà rẹ̀ tọ́ka sí ògiri tirẹ̀, níbi tí ìlà dúdú kan wà ní òkè ferese díẹ̀.

A kò ra ilẹ̀ yẹn. Nígbà tí a ń darí bọ̀, mo ní kí wọ́n já mi sí Sábó, mo ra bọ̀ọ̀lì méjì.