Ẹ Má Tíì Ra Ohun Ìjà: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Dídènà Dróònù

Ní alẹ́ ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 2018, wọ́n ti ojú ọ̀nà tí bàlúù ń gbà gbéra ní pápákọ̀ òfurufú Gatwick, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ bí ẹní mowó, nítorí pé àwọn kan ní àwọn rí dróònù lókè. Nǹkan bí 1,000 ọkọ̀ òfurufú ni ìrìnàjò rẹ̀ dàrú, ó sì kan èèyàn bí 140,000. Ọlọ́pàá parí ìwádìí ní ọdún tó tẹ̀ lé e láìrí ẹni tí ó ṣe é mú.

Àṣìṣe tí mo kà sí èyí tí ó burú jù lọ ni pé àwọn aláàbò a máa sáré wá ohun tí wọn yóò fi já dróònù bọ́ kí wọ́n tó ní ohun tí wọn yóò fi rí i. Ẹ̀rọ ráádà tí a ṣe fún bàlúù ńlá kì í sábà rí ohun kékeré tí ń fò nísàlẹ̀, bí ó bá sì rí i, ó lè má mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹyẹ. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2015, dróònù kan já sínú ọgbà White House ní Washington láìjẹ́ pé ráádà ibẹ̀ rí i. Ẹ̀rọ tí ń tẹ́tí sí ìgbì rédíò láàárín dróònù àti ẹni tí ń darí rẹ̀ wúlò gan-an, ṣùgbọ́n ó lè máà gbọ́ nǹkan kan lára dróònù tí wọ́n ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún kí ó tó gbéra. Nítorí náà, ẹ má gbára lé ẹ̀rọ kan ṣoṣo.

Ẹ má sì ka gbogbo “mo rí i” sí ẹ̀rí. Ní Gatwick, ọ̀gá ọlọ́pàá gbà pé ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú ohun tí àwọn èèyàn rí jẹ́ dróònù ti ọlọ́pàá fúnra wọn! Ìkánjú kan náà ni wọ́n fi mú tọkọtaya kan tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀; £200,000 ni wọ́n padà san fún wọn, owó gbà-má-bínú àti ti agbẹjọ́rò lápapọ̀. Ẹ kọ àkókò àti ibi tí dróònù tiyín bá ti fò sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aládàáni tún ń rò pé àwọn lè ra ẹ̀rọ tí ń dí ìgbì rédíò lọ́wọ́. Òfin Amẹ́ríkà àti ti Bìrìtìkó kò fàyè gba èyí, nítorí pé ohun tí ó dí dróònù lọ́wọ́ lè dí GPS (ẹ̀rọ tí ń fi ọ̀nà hanni) àti fóònù aládùúgbò lọ́wọ́ pẹ̀lú. Ní Ukraine ẹ̀wẹ̀, wọ́n ti ń fi okùn tín-ín-rín darí dróònù; kò sí ìgbì tí ẹnikẹ́ni fẹ́ dí níbẹ̀.

Ti ìbọn kò gùn: ọta tí kò bá dróònù yóò bọ́ sórí ẹlòmíràn. Ní ọdún 2017, ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan, David Perkins, sọ pé orílẹ̀-èdè ọ̀rẹ́ wọn kan yin Patriot, ohun ìjà ńlá tí wọ́n fi ń já bàlúù ogun bọ́, tí owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là, lu dróònù olówó $200. (Àwọn ọlọ́pàá Netherlands tilẹ̀ kọ́ àwọn ẹyẹ idì láti máa gbá dróònù mú, ṣùgbọ́n ní ìparí ọdún 2017, wọ́n pa ètò náà tì.)

Àṣìṣe tí àwọn èèyàn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé wọn kì í yan ẹni tí yóò sọ pé, “Ó tó, ẹ ṣí ọ̀nà.” Ní Gatwick, bí wọ́n bá ti ń múra àtiṣí i, ẹlòmíràn á tún ní òun rí nǹkan, wọ́n á sì tún tì í pa.