Àṣìṣe tí a máa ń ṣe bí ọsibítù bá ṣẹ̀ wá ní Àbújá

Ẹni tó ń gbé Mararaba tó ń ṣiṣẹ́ ní Wuse, ará Àbújá ló ń pe ara rẹ̀. Kò sí ìjà níbẹ̀. Àmọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ọsibítù, àṣìṣe tó ń dá wa dúró jù lọ nìyẹn. Ìpínlẹ̀ Nasarawa ni Mararaba wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Karu. Nyanya ni Àbújá parí sí lápá ibẹ̀. Ẹ̀ka ìlera Àbújá kò láṣẹ lórí kílíníìkì tó wà ní òdìkejì.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n gún ọmọ rẹ̀ lábẹ́rẹ́ ní kílíníìkì aládàáni kan níbẹ̀. Apá ọmọ náà wú débi pé ẹ̀wù rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ìyá kọ lẹ́tà, ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Àbújá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi lọ tó fi bọ̀ kí ẹnì kan tó sọ fún un pé Lafia, olú ìlú Nasarawa, ló yẹ kó gbé e lọ. Nígbà tó yọ lẹ́tà náà hàn mí nínú ọ̀rá tó fi wé e pọ̀ mọ́ káàdì ọmọ, etí ìwé ti ká jọ. Ó dùn mí gan-an.

Nínú Àbújá fúnra rẹ̀, ọ̀gá àwọn ọsibítù kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìjọba àpapọ̀ ló ni National Hospital àti ọsibítù ìkọ́ni tó wà ní Gwagwalada. Àwọn ti Wuse, Maitama, Asokoro, Nyanya àti Kubwa wà lábẹ́ ẹ̀ka ìlera FCTA, ìyẹn àjọ tó ń ṣàkóso Àbújá. Ti aládàáni náà, ìgbìmọ̀ kan wà ní ẹ̀ka yìí tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, tó sì ń lọ yẹ̀ wọ́n wò. Nítorí náà, ẹ má rí pátákó gàgàrà lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ kàn wọlé. Ẹ béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀, kí ẹ sì wo ọdún tó wà lára rẹ̀.

Èyí tó tún burú ni pé a máa ń dákẹ́. “Ẹ jẹ́ ká fi ìjà fún Ọlọ́run jà.” Èmi náà gba Ọlọ́run gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gún ọmọ yẹn á tún gún ọmọ ẹlòmíì lọ́la. Òfin Ìlera ọdún 2014 fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹjọ́ sùn. Òfin yìí kan náà ló ní ọsibítù kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì: ìtanràn ₦100,000 ni, tàbí ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Bí wọ́n bá ní àfi kí ẹ kọ́kọ́ sanwó nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára èèyàn yín, ẹ dárúkọ òfin náà fún wọn.

Ẹ má sanwó sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láìgba rìsíìtì. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sílẹ̀ kí ẹ tó gbàgbé. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ ṣe lẹ́tà yín, kí ẹ sì dúró títí wọ́n á fi tẹ òǹtẹ̀ sí èyí tó kù sọ́wọ́ yín.