Ẹ yé pe gbogbo wọn ní olorì: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nípa àwọn obìnrin ààfin Constantinople

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ààfin Constantinople ayé àtijọ́ (olú ìlú ilẹ̀ ọba Róòmù ti ìlà oòrùn, Istanbul tòní), ẹ má kàn pe gbogbo wọn ní olorì. Ṣebí ìyàwó ọba là ń pè ní olorì? Ní 797 tí Irene gorí ìtẹ́, ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún tí ọkọ ẹ̀ ti kú, òun ló yọ ọmọ bíbí inú ẹ̀, Constantine VI, lóyè, wọ́n sì fọ́ ọmọ náà lójú (ìyẹn burú, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀), òun nìkan ló wá ń ṣèjọba títí di 802. Owó wúrà tó ṣe, àwòrán ẹ̀ ló wà níwájú, òun náà ló tún wà lẹ́yìn. Ọbabìnrin nìyẹn jàre.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti Theodora ìyàwó ọba Justinian. Ìranù tí wọ́n ń kà nípa ẹ̀ káàkiri, inú ìwé tí Procopius, òǹkọ̀tàn ayé ìgbà yẹn, kọ pa mọ́ ló ti wá, ọkùnrin tínú ń bí. Procopius yìí kan náà ló kọ ọ́ síbòmíì pé nígbà tí ìlú gbiná ní 532, táwọn ọkùnrin ń wá ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n máa bá sá lọ, Theodora ló ní òun ò sá. Ẹ má mú ọ̀kan kẹ́ ẹ fi ìkejì sílẹ̀. Ẹ má sì pò ó mọ́ Theodora tó dá àwòrán mímọ́ padà sí ṣọ́ọ̀ṣì ní 843 o.

Àwọn kan á ní abẹ́lẹ̀ nìkan lagbára wọn wà, etí ọkọ. Ẹ wo ọbabìnrin Zoe. Ní 1042, ọba Michael V, ọmọ tí Zoe gbà ṣọmọ, fá orí ẹ̀, ó lé e lọ sí erékùṣù kan pé kó lọ máa ṣe sísítà. Ni ìlú bá dàrú! Ará ọjà, tọkùnrin tobìnrin, wọ́n tú síta, wọ́n láwọn ń fẹ́ ìyá àwọn, wọ́n lọ gbé Theodora àbúrò Zoe (Theodora kẹta nìyí o) jáde nílé àwọn sísítà, wọ́n dé e ládé. Michael sá wọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wọ́ ọ jáde, wọ́n fọ́ ọ lójú. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò jọ jókòó sórí ìtẹ́ fún bí oṣù méjì.

Àwòrán Zoe ṣì wà lára ògiri òkè ní Hagia Sophia, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà láyé ọjọ́un, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò ó. Ọkọ ẹ̀ gbé àpò owó dání. Tẹ́ ẹ bá wo orúkọ ọkọ yẹn dáadáa, wọ́n ti ha èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kúrò, wọ́n wá kọ ti Constantine IX sí i, ọkọ kẹta.