Bí A Ṣe Ń Ṣàpèjúwe Igun Òkúta, Iyanrìn àti Ilẹ̀

Ẹni tí ó bá bu iyanrìn létí odò Ọbà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó sì fẹ́ kọ bí ó ṣe rí sílẹ̀, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀: ìrísí odindi hóró, àti bí igun rẹ̀ ṣe mú tó. Ẹyin adìyẹ gùn, síbẹ̀ kò ní igun kankan. Dáìsì lúdò dọ́gba níhà gbogbo, igun mẹ́jọ ló sì ní. Ọ̀rọ̀ igun nìkan la mú dání níhìn-ín.

Ẹ fọ iyanrìn náà nínú abọ́ títí omi yóò fi mọ́, nítorí amọ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ hóró a máa bo igun rẹ̀, pàápàá bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ oko lẹ bù. Ẹ sá a, kí ẹ jọ̀ ọ́, kí àwọn hóró tí ẹ fẹ́ wò má baà tóbi jura lọ, torí nínú odò kan náà, òkúta ńlá a máa tètè pàdánù igun ju iyanrìn lọ. Ẹ da díẹ̀ sórí aṣọ dúdú, kí ẹ fi awò tí ń sọ nǹkan di ńlá wo àádọ́ta hóró lọ́kọ̀ọ̀kan, láìṣa èyí tó wù yín.

Ìpín mẹ́fà tí Powers, onímọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀, gbé kalẹ̀ ní 1953 ló rọrùn jù lójú tèmi: onígun mímú gan-an, onígun, èyí tí igun rẹ̀ ti kú díẹ̀, èyí tí ó fẹ́ẹ̀ yí, èyí tí ó yí, àti èyí tí ó yí pátápátá. Gíráníìtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ wà nínú méjì àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀, ó lè ya yín lọ́wọ́. Ní ìpín kẹta, ọwọ́ ṣì mọ ibi tí igun wà, ṣùgbọ́n kò gún un mọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni kíka gbogbo ohun tó yí sí iṣẹ́ odò. Àwọn òkúta gíráníìtì ràgàjì tó rí róbótó ní ìhà Ìgbẹ́tì kò yí láti ibì kankan wá. Omi òjò ló ń gba ojú ibi tí àpáta sán wọlé, igun tí omi ń bá jà ní ìhà méjì mẹ́ta a sì jẹrà ṣáájú ibi tó tẹ́jú. Àwọn wóró yangí pupa inú ilẹ̀ ńkọ́? Irin tó ń dì yí wọn ká níbi tí wọ́n wà ló sọ wọ́n di róbótó. Nítorí náà, ẹ kọ ohun tí ẹ rí sí ìlà kan, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rò pé ó fà á sí ìlà mìíràn.

Bí àwọn hóró náà bá pín sí ìpín méjì tó tẹ̀ léra, ẹ kọ méjèèjì: “igun kú díẹ̀ dé fẹ́ẹ̀ yí.”