Bí Ọwọ́ Ẹ̀yìn Ṣe Lè Dá Alátakò Dúró Nínú Họ́kì Orí Yìnyín

Nínú họ́kì orí yìnyín, ẹsẹ̀ ni ọwọ́ ẹ̀yìn, ìyẹn eléré tó ń dènà alátakò, kọ́kọ́ fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀pá ló tẹ̀ lé e, èjìká ló kẹ́yìn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà sábà máa ń dorí ètò yìí kodò: bí wọ́n bá ti rí alátakò tó ń gbé pọ́ọ̀kì (rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá) bọ̀, bí wọn yóò ṣe fi ara gbá a ni ó kọ́kọ́ ń wá sí wọn lọ́kàn. Nicklas Lidström, ọmọ Sweden tó gbá fún Detroit Red Wings láti 1991 títí di 2012, kò fi bẹ́ẹ̀ gbára lé fífi ara gbáni, síbẹ̀ ẹ̀ẹ̀méje ni ó gba ẹ̀bùn Norris, èyí tí NHL, líìgì họ́kì Amẹ́ríkà àti Kánádà, máa ń fún ọwọ́ ẹ̀yìn tó pegedé jù lọ lọ́dún. Ibi tó dúró sí àti ibi tí ọ̀pá rẹ̀ wà ló fi ń ṣe é.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí fífi ẹ̀yìn sáré. Ẹ tẹ orúnkún méjèèjì, kí ìdí lọ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àpótí, ṣùgbọ́n kí àyà àti orí wà lókè. Ẹsẹ̀ kan yóò máa fa ìlà tó tẹ̀ bíi lẹ́tà C sára yìnyín, èkejì yóò gba ara dúró, lẹ́yìn náà wọn yóò pààrọ̀ iṣẹ́. Nígbà tí alátakò bá ti dojú kọ yín, ẹ má ṣe kánjú gbé ẹsẹ̀ kan kọjá èkejì, nítorí pé ní ìwọ̀nba àkókò tí ẹsẹ̀ méjèèjì fi kọ ara wọn, ẹ kò lè yí padà sí apá kejì, àkókò yẹn gan-an ni ọwọ́ iwájú tó mọṣẹ́ ń dúró dè. Bó bá yà gba ẹ̀gbẹ́, ẹ ṣí ìbàdí sí apá ibi tó gbà, kí ẹ yí síwájú, kí ẹ sì bá a sáré. Ẹni tó bá kẹ́yìn sí i nígbà tó ń yí, ojú rẹ̀ ti kúrò lára pọ́ọ̀kì nìyẹn.

Àlàfo tó wà láàárín yín àti alátakò ni mo kà sí kókó jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ní pápá NHL, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 200, tó sì fẹ̀ ní 85, ìlà búlúù, níbi tí ilẹ̀ tí ẹ ń ṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀, jìnnà sí ìlà ilé, tí pọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ kọjá kó tó di góòlù, ní ẹsẹ̀ bàtà 64. Ọwọ́ ẹ̀yìn tó bá ń sá sẹ́yìn láìdúró ti fi gbogbo ilẹ̀ yẹn ta alátakò lọ́rẹ, aṣọ́lé rẹ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Kí alátakò tó dé ìlà búlúù, ó yẹ kí àlàfo náà ti kù sí nǹkan bí ìwọ̀n ọ̀pá kan. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, yóò di dandan fún un láti ti pọ́ọ̀kì sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pápá, tàbí kó dẹsẹ̀ dúró, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ṣèèṣì kọjá ìlà ṣáájú pọ́ọ̀kì, èyí tí òfin kò gbà.

Ẹ má ṣe dúró gbọnrangandan níwájú rẹ̀. Ẹ súnmọ́ àárín pápá díẹ̀ jù ú lọ, kí ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún un jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àwọn àmì pupa róbótó tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ilé wúlò fún èyí: bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ wà láàárín àmì méjèèjì, tí òun sì wà lóde wọn, ìgbákúgbà tó bá gbá ilé láti ibẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ fa ìpayà.

Ní ti ọ̀pá, ọwọ́ kan ṣoṣo ni kó dì í mú, kí ẹnu rẹ̀ tó fẹ̀ máa wà lórí yìnyín. Ẹ tẹ ìgúnpá mọ́ ìhà, kí alátakò má baà mọ bí ọwọ́ yín ṣe gùn tó. Àyà rẹ̀ ni kí ẹ máa wò, nítorí pé ọwọ́ àti orí lè tanni jẹ, ṣùgbọ́n ibi tí àyà bá kọjú sí ni ara ń lọ. Nígbà tí pọ́ọ̀kì bá kúrò lẹ́nu ọ̀pá rẹ̀ díẹ̀, tàbí tó bá wo ilẹ̀, ẹ na ọwọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan, ẹ tọ pọ́ọ̀kì náà, kí ẹ sì fà á padà kíá. Apá nìkan ló ń lọ o. Bí èjìká àti ìbàdí bá tẹ̀ lé e, tí ẹ sì tàsé, ó ti kọjá lára yín nìyẹn. Ọ̀pá tó bá wọ àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ dípò pọ́ọ̀kì yóò mú rẹfirí lé yín jáde fún ìṣẹ́jú méjì.

Fífi ara gbáni ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọmọdé. USA Hockey, àjọ họ́kì Amẹ́ríkà, fòfin dè é fún àwọn ọmọ ọdún 12 sísàlẹ̀ ní 2011, Hockey Canada sì ṣe irú rẹ̀ ní 2013. Àwọn òbí kan ṣì ń kùn sí i. Lójú tèmi, òfin náà ló ń fún ọmọ láyè láti kọ́ ẹsẹ̀ àti ọ̀pá kí agbára tó bo àìmọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Níwájú ilé, ẹ dúró sí àárín alátakò àti aṣọ́lé, ẹ ti ọ̀pá yín bọ abẹ́ tirẹ̀, kí ẹ sì gbé e sókè kìkì nígbà tí pọ́ọ̀kì bá ń bọ̀. Bí ẹ bá sì ń lọ gbé pọ́ọ̀kì ní igun, ẹ bojú wẹ̀yìn lórí èjìká méjèèjì kí ẹ tó débẹ̀.

Ìdánrawò tí mo fẹ́ràn jù kò gba ohun èlò kankan yàtọ̀ sí ọ̀pá àti pọ́ọ̀kì. Ẹ wá ẹnì kan tí yóò máa gbé pọ́ọ̀kì bọ̀ láti àárín pápá, kí ẹ wá yí ọ̀pá yín padà, kí ẹ di ẹnu rẹ̀ mú, kó jẹ́ pé ìdí ọ̀pá ló kan yìnyín. Ìdí ọ̀pá kò fẹ̀ tó láti gba pọ́ọ̀kì dáadáa, nítorí náà ẹsẹ̀ àti ibi tí ẹ dúró sí nìkan ni yóò kù láti fi dá a dúró. Bí ẹ bá ti lè tì í sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ́nà yìí léraléra, ẹ wá yí ọ̀pá padà sí bó ṣe yẹ, kí ẹ fi títọ pọ́ọ̀kì kún un.